Málàm olóbì ọjà Kúbwà: kó tó tà fún ẹ, á bi ẹ́ pé ta ló fẹ́ jẹ ẹ́

Ẹ̀yin ará Àbújá tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ìdána, tẹ́ ẹ fẹ́ sọmọ lórúkọ, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó fọ́mọ yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó lọ ra obì. Mo mọ̀ pé obì ò jọ nǹkan téèyàn ń kọ̀wé gígùn lé lórí, èmi náà ò kà á sí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfìgbà tọ́mọ àbúrò mi fẹ́ lọ́kọ, tí gbogbo ètò ìdána wá já lé mi lórí torí pé èmi ni mo pẹ́ jù ní Àbújá nínú ẹbí wa.

Ọmọ Katsina ni ọkọ tọ́mọ wa fẹ́ fẹ́, Haúsá pọ́ńbélé, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti pàdé. Ọmọ Ọ̀yọ́ làwa, mùsùlùmí ni wá bíi tiwọn, torí náà ọkàn gbogbo wa balẹ̀ pé kò ní sí wàhálà kankan, ẹ̀sìn kan náà, kìbúlà kan náà, kí ló tún kù? Bàbá wa tó jẹ́ olórí ẹbí wá pè mí láti Ọ̀yọ́, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ o, àwọn fẹ́ bá obì àbàtà nílẹ̀, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, àádùn, kó pé o, kí n má fi ìkankan ṣeré, torí àwọn làwọn máa ṣàdúrà sí i. Mo ní kò burú, bàbá. Mo gbé fóònù, mo rí àwọn kan tó máa ń ta ẹrù ìdána lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ló pé sínú àpò kan, kí n ṣáà ti sanwó. Mo sanwó. Nígbà tọ́lọ́kadà gbé e dé tí mo tú ọ̀rá ẹ̀, gbànja ni wọ́n kó síbẹ̀, obì aláwẹ́ méjì, kì í ṣe àbàtà tí Bàbá ní kí n rà. Ó funfun, ó tóbi, ó ń dán, ṣùgbọ́n gbànja ni. Mo pè wọ́n padà, ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Màmá, obì náà nìyẹn kẹ̀, obì ni obì."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Málàm.

Inú ọjà Kúbwà ni ìsọ̀ ẹ̀ wà, lápá ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, nítòsí àwọn tó ń ta ata gbígbẹ. Kò ní sáìnbọ́ọ̀dù. Ohun tẹ́ ẹ máa fi dá a mọ̀ ni apẹ̀rẹ̀ bíi mẹ́fà tí wọ́n fi ewé tútù bò, bẹ́ńṣì gígùn kan táwọn bàbá arúgbó máa ń jókòó sí, àti rédíò kékeré tó ń sọ Haúsá látàárọ̀ dalẹ́. Mo kí i, mo ní Málàm, mo fẹ́ obì. Mo ti ń retí kó ní mélòó, torí bí gbogbo olóbì ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kò bi mí ní mélòó o. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, Yorùbá tó mọ́, tó kàn ní ohùn Rẹ́mọ díẹ̀ nínú, ó ní, "Hajiya, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Kí ni wọ́n máa sọ sí i?"

Mo dúró ni. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń ra obì, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo wá ròyìn fún un, bí mo ṣe sanwó lórí fóònù àti bí wọ́n ṣe gbé gbànja wá, títí kan "obì ni obì" tí ọmọ yẹn sọ. Málàm mi orí, ó sọ nǹkan kan lédè Haúsá fáwọn bàbá orí bẹ́ńṣì, gbogbo wọn pa "áà" pọ̀. Ó ní lédè tàwọn, ohun tọ́mọ yẹn ṣe lórúkọ, kuɗin goro ni wọ́n ń pè é. Owó obì. Téèyàn bá dá iye kan ṣoṣo lé gbogbo obì inú apẹ̀rẹ̀, kò ṣa ńlá yàtọ̀ sí kékeré, kò ṣa èyí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kòkòrò ti wọ̀, owó obì nìyẹn. Òun náà ni wọ́n fi ń báni wí tẹ́nì kan bá ń sọ pé gbogbo ẹ̀yà báyìí, olè ni wọ́n, tàbí pé gbogbo obìnrin báyìí ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á ní má ṣe kuɗin goro fún wa, ṣà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbádùn ọ̀rọ̀ yìí débi pé mo ní kó tún un sọ kí n lè há a sórí. Ẹ wo bí iṣẹ́ ọjà ṣe di èdè, tó wá di ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níwà.

Ṣàgámù ni wọ́n bí Málàm sí, ní Sábó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ṣàgámù mọ̀ pé ilé obì ni, kò sí ẹni tó dé Sábó ibẹ̀ tí kò ní rí àwọn Haúsá tó ń di obì lọ sókè. Bàbá ẹ̀ ń ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń kó o lọ Kánò. Ó sọ fún mi pé obì tá à ń pè ní gbànja yìí gan-an, orúkọ ìlú ló ń jẹ́, Gonja tó wà ní Ghana lónìí. Àwọn oníṣòwò Haúsá ti ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ kó o wá láti ọ̀hún tipẹ́tipẹ́ káwa tó mọ̀ ọ́n gbìn. Ìgbà tọ́gọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún fẹ́ parí làwọn àgbẹ̀ wa lápá Ẹ̀gbá àti Agége bẹ̀rẹ̀ sí gbìn ín dáadáa, ojú irin wá bá a pàdé, torí ọdún 1912 ni wọ́n pa rélùwéè Èkó pọ̀ mọ́ ti Baro sí Kánò, bí obì ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sókè nìyẹn. Sábó Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916, àwọn olóbì wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ńlá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀. Àwa la gbin gbànja, ilẹ̀ wa ló ti ń hù, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa kì í fi ṣe ohunkóhun tó bá lágbára, wọn kì í fi í dá nǹkan, wọn kì í gbé e síwájú òrìṣà nígbà tí wọ́n ń bọ ọ́, ẹnu jíjẹ nìkan ni tiwọn. Awẹ́ méjì péré ni gbànja ní, àbàtà ló ní awẹ́ mẹ́rin. Àwọn tó jẹ́ pé òkèèrè ni wọ́n ti ń rà á lọ́wọ́ wa ni gbànja wá di ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ wọn. Igi kan náà, ilẹ̀ kan náà, àwọn tó ń jẹ ẹ́ ló yàtọ̀. Lọ́dọ̀ Haúsá, goro lo máa fi gbàlejò, wọ́n máa ń pín in nínú mọ́ṣáláṣí tí wọ́n bá so yìgì tán, tí wọ́n bá sì fẹ́ pè yín síbi ìyàwó, goro ni wọ́n máa rán sí yín. Wọ́n ń pe ìwé ìpè gan-an ní goron gayyata títí dòní, bó tiẹ̀ jẹ́ pé orí WhatsApp ni wọ́n fi ránṣẹ́ tí kò sí obì kankan nínú ẹ̀. Owó táwọn ọmọdé ń gbà lọ́jọ́ iléyá ń jẹ́ goron Sallah. Ẹni tó sì fẹ́ kẹ́ ẹ bu owó sílẹ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé yín, na goro lòun náà ń pè é. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ wo bó ṣe rìn jìnnà.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ni ọmọkùnrin kékeré kan sáré wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó kàn pariwo, "Albishirinka!" Málàm náà pariwo padà, "Goro!" Mo rò pé ọmọ yẹn wá ra obì ni, mo tiẹ̀ sún sẹ́yìn kó lè ráyè. Àṣé ìyàwó àbúrò Málàm ló ti bí, ìròyìn ayọ̀ lọmọ náà gbé wá. Bó ṣe wà lọ́dọ̀ wọn nìyẹn, ẹni tó bá gbé ìròyìn ayọ̀ bọ̀ ò kọ́kọ́ ní sọ ọ́, á pè yín pé ìròyìn rere wà o, ẹ̀yin náà á dáhùn pé goro, ìyẹn ni pé ẹ ti ṣèlérí obì fún ẹnu tó gbé e wá, lẹ́yìn ẹ̀ ló máa wá sọ fún yín. Mo ti gbé Àbújá láti ọdún tí mo ti gbé e, mo gbọ́ Haúsá ọjà dáadáa, mo mọ goro, mo mọ albishir, mi ò mọ̀ pé àwọn méjèèjì ń dá ara wọn lóhùn. Téèyàn bá ń fi ìwé atúmọ̀ èdè nìkan gbọ́ èdè, á kọjá irú ẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní rí i.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ṣa obì fún mi. Ibi tí mo ti gbà pé iṣẹ́ ló ń ṣe, kì í ṣe pé ó kàn ń tajà, ibẹ̀ nìyí. Ó ká ewé kúrò lórí apẹ̀rẹ̀ kan, ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á yí i wò nínú oòrùn, èyí tó bá ní ojú kòkòrò, ìbáà kéré bí orí abẹ́rẹ́, á sọ ọ́ sínú kóńgò. Ó mú ọ̀kan, ó fi èékánná ya ojú ẹ̀ díẹ̀, ó là, awẹ́ mẹ́rin tú sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú, omi ara ẹ̀ ṣì ń dán. Ó fi ìka tọ́ka sí wọn, "akọ méjì, abo méjì," ó ní bàbá àgbàlagbà kan tí ń dá obì ní Ṣàgámù ló fi hàn án nígbà tó wà lọ́mọdé, òun ò bá wọn ṣe é torí ẹ̀sìn òun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta obì fún Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ ohun tí Yorùbá ń wò lára obì. Ó wá já awẹ́ kan fún mi, ó já ọ̀kan fún ara ẹ̀, èyí tó kù ó fún àwọn bàbá.

Oníbàárà mìíràn wọlé, ọ̀gbẹ́ni Ìgbò kan tó wọ fìlà pupa. Òun náà àbàtà ló fẹ́. Málàm bi í pé fún àwọn ọkùnrin nìkan ni àbí fún gbogbo ẹbí. Mo bi í lẹ́yìn tọ́kùnrin náà lọ pé kí ló kàn án níbẹ̀. Ó ní awẹ́ làwọn Ìgbò máa ń kà. Mẹ́rin, àlàáfíà ni, torí ọjọ́ ọjà wọn mẹ́rin ni, Eke, Orie, Afọ, Nkwọ. Mẹ́ta, ti akíkanjú ọkùnrin ni. Tó bá jẹ́ méjì báyìí, gbànja náà nìyẹn, gworo lorúkọ tí wọ́n ń pè é, wọ́n lè máa jẹ ẹ́ sẹ́nu, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ bá Ọlọ́run àti àwọn baba ńlá wọn sọ̀rọ̀ wọn ò ní gbé e jáde. Wọ́n ní ẹni tó gbé obì wá, ìyè ló gbé wá. Wọ́n tún ní obì ò gbọ́ òyìnbó, Ìgbò ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi bá a sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ pé pròfẹ́sọ̀ ni ẹni tó gbé e dání.

Èyí wọ̀ mí lára gan-an, torí ó rán mi létí pé tiwa náà ò gbọ́ òyìnbó. Ẹ rò ó wò. Orógbó, kí ni wọ́n máa ń sọ sí i? Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́. Obì ńkọ́? Obì ni í bi ikú dànù, òun ni í bi àrùn. "Gbó" wà nínú orúkọ orógbó, "bì" wà nínú obì, orúkọ nǹkan náà fúnra ẹ̀ ló ń ṣe àdúrà. Ẹ wá túmọ̀ ẹ̀ sí èdè míì, ẹ sọ pé kí wọ́n jẹ èso kíkorò yìí kí wọ́n lè dàgbà, ẹni tó gbọ́ á bi yín pé báwo ló ṣe jẹ́? Ó di ewé lásán, ó di èso igbó. Inú ẹnu wa ni orógbó ti ń rí agbára yẹn gbà.

Ìyẹn ló gbé ìmọ̀ràn tí mi ò lè gbàgbé wá. Nígbà tó kó orógbó méjìlá sínú ọ̀rá fún mi, Málàm rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Hajiya, ẹ sọ fún ẹni tó máa ṣe alága yín kó ṣàlàyé eléyìí kí wọ́n tó gbé e jáde." Mo ní kí ló dé? Ó ní namijin goro làwọn ń pe orógbó, ìtumọ̀ ẹ̀ ni akọ obì. Àwọn ọkùnrin ń rà á fún ikọ́, wọ́n sì tún ń rà á fún nǹkan míì tí òun ò ní sọ níwájú àlájà bíi tèmi. Bí bàbá àgbà bá gbé e sókè láàárín ẹbí, tó ń fi ṣàdúrà fún ìyàwó tuntun, tí ẹnikẹ́ni ò sì ṣàlàyé, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ò ní lè mú ojú dúró.

Ó tún bi mí pé ṣé ẹ máa dá owó orí padà? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a kì í ta ọmọ, bàbá ìyàwó á dá owó orí padà fún wọn níwájú gbogbo èèyàn, ohun iyì ni. Ó ní kí n rọra o. Ní ọ̀dọ̀ tàwọn, ohun tí wọ́n bá gbé wá tọrọ ọmọ, látorí owó na gani ina so, ìyẹn owó mo-rí-i-mo-fẹ́ràn-ẹ̀, títí dé orí goro, tẹ́ ẹ bá dá a padà, ẹ ti ní ẹ ò fọmọ fún wọn mọ́ nìyẹn. Sadaki, ìyẹn owó yìgì, sì tún yàtọ̀, ti ìyàwó fúnra ẹ̀ ni, bàbá kankan ò láṣẹ láti dá a padà.

Ẹ gbà mí! Ẹ wo bí à bá ṣe fi ayọ̀ ba ayọ̀ jẹ́. Orí àga lẹbí ọkọ ì bá wà, kí àwa máa kọrin, kí àwa máa jó, kí a na àpò ìwé owó sí wọn, kí wọ́n gbọ́ ọ pé ẹ gbé nǹkan yín, ẹ máa lọ.

Mo pe Bàbá ní Ọ̀yọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á bínú, pé wọ́n á ní ṣé Haúsá ló fẹ́ máa kọ́ àwọn ní bí wọ́n ṣe ń fọmọ fọ́kọ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, wọ́n wá ní, "Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì ni. Jẹ́ kí n rò ó."

Lọ́jọ́ ìdána, bí wọ́n ṣe gbé owó dé iwájú wọn, Bàbá gbà á, wọ́n dìde, wọ́n pe ọmọ wa, wọ́n fi owó náà lé e lọ́wọ́, wọ́n ní, "Tìẹ ni. Àwa ò ta ọmọ, ìwọ lo ni ara ẹ, ìwọ lo ni owó ẹ." Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ tó gbọ́ Yorùbá sọ ọ́ sí Haúsá, gbogbo ẹbí ọkọ ní "Masha Allah" lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tá a fẹ́ sọ náà la sọ, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà gbọ́ ọ la gbé e gbà. Mi ò lè pa á mọ́ra, mo sunkún.

Ti orógbó ńkọ́? Alága ìdúró wa ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, ó ní lẹ́nu wa "gbó" ló wà nínú orúkọ ẹ̀, pé kí wọ́n pẹ́ láyé, kí wọ́n dàgbà dàgbà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ṣì fọwọ́ bo ẹnu o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìyá ìyá ọkọ, ìyá arúgbó tó wá láti Katsina tó ti ń jókòó jẹ́ẹ́ látàárọ̀, ní kí wọ́n gbé orógbó kan wá fún òun. Ó di í mú, ó bi ọmọ wa pé báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́? Ọmọ wa ní, "Ẹ ó gbó." Ìyá náà ní, "É o gbo," wọ́n ní amin, ó sì fi orógbó náà so etí aṣọ ẹ̀.

Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ni Málàm ò bá wa yanjú, torí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ọkọ kúnlẹ̀ díẹ̀, ó lóṣòó bí Haúsá ṣe máa ń kí àgbà, àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan ṣì ń rahùn pé ọkọ ò dọ̀bálẹ̀. Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọmọ yẹn fi gbogbo ara ẹ̀ sọ pé ó bọ̀wọ̀ fún yín, èdè ìyá ẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ n sọ ti ọjà fúnra ẹ̀ torí ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Obì àbàtà ẹ̀ dáa gan-an, nínú gbogbo èyí tí mo rà, mi ò rí ìkankan tí kòkòrò wọ̀. Goro funfun tí ẹbí ọkọ ní kí n bá wọn rà kún tiwọn, kwarya kan, ìyẹn 100, ó pé géérégé, mo kà á nílé. Ataare ẹ̀ gbẹ díẹ̀ jù. Orógbó méjìlá tó ta fún mi, méjì ti ń gbẹ nínú, mo sọ fún un nígbà tí mo padà lọ, ó sì fi mẹ́ta dí i láìjanpata. Owó ẹ̀ ga ju ti àwọn tó wà lẹ́nu géètì ọjà lọ, ẹ má retí àdínkù tó pọ̀, mi ò sì ní kọ iye síbí torí owó obì ń yí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Kò ní POS, tiransifá ló ń gbà, tí alẹ́ẹ̀tì báńkì bá sì pẹ́ kó wọlé ẹ máa jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ rédíò. Kì í gbé ọjà wá sílé. Ọjọ́ Jímọ̀, ẹ má lọ láàárín aago méjìlá sí mẹ́ta, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni.

Tẹ́ ẹ bá sì rà á tán, ẹ má fi ọ̀rá dì í pinpin bí mo ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, á làágùn, á rà. Inú apẹ̀rẹ̀ tàbí abọ́ tó lè mí ni kẹ́ ẹ kó o sí, kẹ́ ẹ fi ewé tútù bò ó lókè nílẹ̀, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi díẹ̀ sí ewé náà, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ ewé tó bá ti gbẹ. Tèmi lo ọjọ́ mẹ́wàá, ó tutù bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a.

Àwọn tó tà fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́sí, wọn ò dá owó padà fún mi di òní. Mi ò bá wọn jà mọ́. Gbànja yẹn náà ṣì wúlò, mo fi ṣe àlejò fún ẹbí ọkọ, inú wọn dùn sí i.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo padà lọ sọ́dọ̀ Málàm. Mi ò wọlé lẹ́sẹ̀ kan náà, mo dúró lẹ́nu ìsọ̀, àwọn bàbá orí bẹ́ńṣì ń wò mí, mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Albishirinka!"

Málàm dìde kúrò nídìí apẹ̀rẹ̀, ó ní, "Goro!"

Ó mú goro funfun kan, ó fi lé mi lọ́wọ́ kó tó bi mí pé kí ni mo gbé wá. Mo ní ọmọ wa ti bí, ọkùnrin ni. Ó ní ti Katsina lẹ fẹ́ fi sọ ọ́ lórúkọ àbí ti Ọ̀yọ́? Mo ní méjèèjì. Ó pe ọmọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé kó gbé apẹ̀rẹ̀ méjì wá.